Dígí Tí Ń Bàjẹ́ Kí Iṣẹ́ Lè Yọrí

Bí olùkọ́ bá ní kí a sọ ìtàn, ogun Kírìjì àti orúkọ àwọn ọba ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀, àwọn obìnrin sì wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960, oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń wá bí lésà yóò ṣe lágbára sí i. Ìṣòro wọn ni pé bí agbára bá pọ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ náà á ba ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde jẹ́.

Ní ọdún 1985, Donna Strickland, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Rochester, àti olùkọ́ rẹ̀, Gérard Mourou, rí ojútùú sí i. Wọ́n na ìmọ́lẹ̀ náà kó gùn, wọ́n fún un lágbára, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún sún un kì. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní 2018, àwọn méjèèjì wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì. Strickland ni obìnrin kẹta tó gbà á láti 1901.

Síbẹ̀, ìṣòro kan ṣẹ́ kù. Ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ máa ń ṣáájú ìmọ́lẹ̀ ńlá, á sì ba ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ńlá tó dé. Ó dà bí ọdẹ tó tẹ igi gbígbẹ: ẹran á ti sá kí ìbọn tó dún.

Ní 1991, Henry Kapteyn, Margaret Murnane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde lórí ọgbọ́n tí a fi ń dènà èyí. Gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá ni wọ́n ń gbé sójú ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ á gba inú rẹ̀ kọjá dànù. Bí ìmọ́lẹ̀ ńlá bá dé, ojú gíláàsì náà á di plasma lójú ẹsẹ̀. Plasma kò ṣàjèjì sí wa: òun ló ń kọ mànà nínú mọ̀nàmọ́ná, òun náà ló ń tàn yòò lẹ́nu iná àwọn wẹ́dà ní Ìlúpéjú tí mo ń gbé. Plasma yìí á wá ṣe bíi dígí, á sì darí ìmọ́lẹ̀ ńlá síbi iṣẹ́. Ojú ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà á ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ sún gíláàsì náà kí ibi tuntun lè bọ́ síbẹ̀ fún ìgbà mìíràn.

Àwọn kan ṣì ń sọ fún àwa ọmọbìnrin pé físíìsì kì í ṣe tiwa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Strickland nígbà tó ṣe iṣẹ́ tó gba Nobel. Orúkọ Murnane sì wà lórí ìwádìí dígí yìí. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, bí ọmọbìnrin bá ní físíìsì wu òun, ẹ jẹ́ kó jókòó síwájú nínú kíláàsì.