Noguchi ní Accra: Ìtàn Kòkòrò Méjì tó Jọra

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ṣe bá ọ̀rọ̀ ènìyàn mu ló ṣe bá ti kòkòrò àrùn mu, nítorí pé orúkọ tí a bá pe kòkòrò tó wà lára aláìsàn ló ń sọ irú ojú tí àwùjọ yóò fi wò ó. Ìtàn kòkòrò tó ń fa rẹ́kórẹ́kó fi èyí hàn, ìlú Accra sì ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn náà.

Ní ọdún 1905 ni Fritz Schaudinn àti Erich Hoffmann rí kòkòrò yìí ní ìlú Berlin. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lọ́ bí okùn. Ní ọdún kan náà, Aldo Castellani rí òmíràn tó jọ ọ́ ní erékùṣù tí a mọ̀ sí Sri Lanka lónìí, lára àwọn tó ní egbò yaws. Yaws kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀. Àwọn ọmọdé ìgbèríko ló sábà máa ń mú, nípa fífi ara kan ara. Síbẹ̀, lábẹ́ awò amúǹkantóbi, kò sí ẹni tó lè dá Táyé mọ̀ yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé.

Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwádìí Rockefeller ní New York, wà lára àwọn tó fi ìgbésí ayé wọn wá ìdí kòkòrò yìí. Ní 1911, ó kéde pé òun ti sin kòkòrò rẹ́kórẹ́kó nínú ìgò. Àwọn ẹlòmíràn gbìyànjú títí, wọn kò rí i ṣe. Ní 1913, òun àti J. W. Moore fi hàn pé kòkòrò náà wà nínú ọpọlọ àwọn tí rẹ́kórẹ́kó ti sọ di aláàárẹ̀ ọpọlọ. Èyí fìdí múlẹ̀ gbọn-in. Ní 1927, ó wá sí Accra láti wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ibà náà ló pa á níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1928, W. A. Young tó bá a ṣiṣẹ́ tẹ̀lé e ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1979 ni a dá ilé-ìwádìí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Yunifásítì Gánà, ní Legon.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè yanjú ọ̀rọ̀ ìjọra yìí. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ní yaws a máa fèsì bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní rẹ́kórẹ́kó. Àṣìpè orúkọ níhìn-ín kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: ó lè sọ ọmọ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ di ẹni ìtìjú, kí ó sì mú kí a fura sí ìyá rẹ̀ láìtọ́.

Ní 1998, àwọn onímọ̀ ka àbùdá kòkòrò rẹ́kórẹ́kó tán. Lẹ́tà inú rẹ̀ tó 1,138,000. Ní ọdún kan náà, àwọn mìíràn fi apá méjì nínú àbùdá náà, arp àti tpr, pín ẹ̀yà rẹ̀. Nínú arp, iye ìgbà tí ègé kan tún ara rẹ̀ wí ni wọ́n ń kà, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè ṣe ń wo àpètúnpè. Ní 2012, a fi àbùdá kòkòrò yaws, tí ọ̀kan nínú wọn ti Gánà wá, wé ti rẹ́kórẹ́kó: ìyàtọ̀ wọn kò tó lẹ́tà 2 nínú 1,000. Olùkọ́ èdè Yorùbá kò ní ṣe háà. Ó mọ̀ pé àmì ohùn nìkan ló ya igbá sọ́tọ̀ sí igba àti ìgbà.

Ìmọ̀ yìí ń ṣe ìwòsàn ní àǹfààní. Ní Gánà, ó fi hàn pé àwọn egbò kan tí a ń pè ní yaws jẹ́ ti kòkòrò mìíràn, Haemophilus ducreyi, èyí tí ìwé ìṣègùn ti mọ̀ tipẹ́ sí ti egbò ojú ara. Ní 2018, ó fi hàn ní Papua New Guinea pé ìyípadà lẹ́tà kan ṣoṣo mú kí kòkòrò yaws borí oògùn azithromycin. Ọdún yẹn náà ni a tó rí kòkòrò rẹ́kórẹ́kó sìn pẹ́ títí lóde ara ẹranko, lẹ́yìn ọdún 107 tí Noguchi ti kéde tirẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí yaws kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2030. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé àlejò ti lọ nígbà tí a kò mọ ẹni tó jókòó sínú ilé.