Ìlànà Òfin lórí Ìyípadà láti Níní Ọjà sí Sísanwó Lò Ó ní Libreville

Ìyípadà láti níní ọjà sí sísanwó lò ó jẹ́ ọ̀nà òwò tí oníbàárà kì í ra nǹkan di tirẹ̀, tó kàn ń sanwó lóṣooṣù tàbí gẹ́gẹ́ bí ó bá ṣe lò ó tó, nígbà tí ẹ̀tọ́ ìní, ìyẹn àṣẹ láti tà á, láti fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ tàbí láti fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó pèsè rẹ̀. Ní Libreville, olú-ìlú Gabon, apá kan nínú òfin tó kan ọ̀ràn yìí jẹ́ ti orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀, apá kejì sì jẹ́ èyí tí àwọn àjọ tí Gabon wà nínú wọn jùmọ̀ gbé kalẹ̀.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ìwé òfin ará ìlú ti ilẹ̀ Faransé ọdún 1804, tí Gabon jogún nígbà tó gba òmìnira ní ọdún 1960. Lábẹ́ rẹ̀, títà a máa sọ ọjà di ti ẹni tó rà á, ṣùgbọ́n ẹni tó háyà nǹkan ní ẹ̀tọ́ ìlò nìkan fún àkókò tí wọ́n fẹnu kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ kí ó lè wúlò títí àkókò náà yóò fi pé.

Láàárín àwọn oníṣòwò, òfin OHADA ló gbilẹ̀, ìyẹn àjọ tó ń mú òfin òwò bára mu ní Áfíríkà, èyí tí àdéhùn Port-Louis ti ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1993 dá sílẹ̀, tí Gabon, Benin àti Togo sì wà nínú rẹ̀. Òfin òwò tí àjọ náà tún ṣe ní Lomé ní oṣù Kejìlá ọdún 2010 yọ ọjà tí wọ́n tà fún oníbàárà kúrò lábẹ́ ìlànà títà rẹ̀, ó sì yọ àdéhùn tó pa ọjà pọ̀ mọ́ iṣẹ́ kúrò pẹ̀lú, bí iṣẹ́ bá ti borí nínú rẹ̀. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe nígbà náà gba ẹni tó tajà láyè láti di ẹ̀tọ́ ìní mú títí owó yóò fi pé, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú àdéhùn.

Ní ti orin, fíìmù àti ètò kọ̀ǹpútà, àdéhùn tí orílẹ̀-èdè 12 ṣe ní Libreville gan-an ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1962 ló bí àjọ tí àdéhùn Bangui ti ọdún 1977 sọ di OAPI, tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ. Àṣẹ ìlò ni ẹni tó sanwó máa ń gbà, kì í ṣe iṣẹ́ náà. Ilé-ẹjọ́ gíga Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbà ní ọdún 2012 pé ẹni tó ra ètò kọ̀ǹpútà pátápátá lè tún un tà, ṣùgbọ́n ní ọdún 2019 ó kọ̀ láti fi irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ fún ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní California, láti ọjọ́ kìíní ọdún 2025, olùtajà kò gbọdọ̀ polówó irú ọjà bẹ́ẹ̀ bí ohun tí a lè rà láìjẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé àṣẹ ìlò lásán ni. Àwọn ìlànà òkèèrè wọ̀nyí kò de ilé-ẹjọ́ Gabon.

Ní ti oníbàárà, àjọ CEMAC, tó kó orílẹ̀-èdè mẹ́fà Àárín Áfíríkà jọ, gbé ìlànà ìsanwó kalẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ó sì gbé ti ààbò oníbàárà kalẹ̀ ní ọdún 2019, èyí tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi òfin tirẹ̀ mú ṣẹ.

Ọ̀ràn SEEG, ilé-iṣẹ́ omi àti iná ní Gabon, fi ìṣòro tó wà nínú sísanwó lò ó hàn. Ní ọdún 1997 ni ìjọba fi iṣẹ́ náà lé ilé-iṣẹ́ Faransé tó wá di Veolia lọ́wọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ìjọba gbà á padà, ó ní iṣẹ́ náà kò dára tó, Veolia sì takò ó kí wọ́n tó fẹnu kò ní ọdún 2019. Ìjọba lágbára láti dá sí i nítorí pé, lábẹ́ òfin, iṣẹ́ ìlú kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n nínú òwò àdáni, àdéhùn tí oníbàárà fọwọ́ sí ló ń sọ ohun tó lè béèrè fún bí ìpèsè bá dáwọ́ dúró, ìdí nìyí tí àlàyé kíkún kí ó tó sanwó fi ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí nígbà tí ó ń ra ọjà di tirẹ̀.