Ta Ni Ọ̀gá Madam Walker?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sọ́dọ̀ onídìrí mi fún wákàtí mẹ́rin gbáko. Bó ṣe ń di irun ló ń ráhùn nípa ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan tó ṣe fúrídọ́ọ̀mù lọ́dún tó kọjá. Ọmọ náà ò jìnnà lọ o. Ojúlé kẹta sí ti ọ̀gá rẹ̀ ló gba ṣọ́ọ̀bù sí, irú ìpara irun tí ọ̀gá ń pò lòun náà sì ń tà. "Èmi ni mo kọ́ ọ ní gbogbo ẹ̀," ni onídìrí mi ń sọ ṣáá. Bí mo ṣe jókòó tí òòyà wà lórí mi, mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín." Ìtàn náà ni mo gbé wá fún yín lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ wo Self Made lórí Netflix ní 2020 mọ Madam C. J. Walker, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó fi ìpara irun di olówó. Obìnrin apọ́nbéporẹ́ kan wà nínú fíìmù yẹn, Addie Munroe, tó ń fi ìlara lé e kiri. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Addie Munroe láyé. Obìnrin gidi tí wọ́n wò dá a ni Annie Turnbo Malone, ẹrú sì ni àwọn òbí tirẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Òun lọ̀gá. Fíìmù wá sọ ọ̀gá di ọ̀tá.

Ní 1869 ni wọ́n bí Annie ní ìlú Metropolis, ìpínlẹ̀ Illinois. Ó di ọmọ òrukàn ní kékeré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ. Ó fẹ́ràn kẹ́mísírì nílé ìwé, ó sì fẹ́ràn irun títọ́jú. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní omi ẹ̀rọ, orí fífọ̀ kì í ṣe nǹkan gbogbo ìgbà. Ọ̀rá ẹran àti ọṣẹ líle ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń fi sí irun. Awọ orí á máa yún, irun á máa já. Annie wá po ìpara kan, ó sọ ọ́ ní Wonderful Hair Grower. Ní 1902, ó kó lọ sí St. Louis. Nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni, àwọn ilé ìtajà kì í gba ọjà rẹ̀, lòun àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta bá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n á tọ́jú irun èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ná. Ẹni tó bá rí i pé ó ṣiṣẹ́ á rà á. Obìnrin tó bá sì fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, Annie á kọ́ ọ, òun náà á máa tà.

Alágbàfọ̀ kan wà ní St. Louis nígbà náà tó ń jẹ́ Sarah Breedlove. 1867 ni wọ́n bí i ní Delta, Louisiana. Ọmọ ọdún méje ló jẹ́ nígbà tó di ọmọ òrukàn, ó relé ọkọ lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, ó sì ti dopó kó tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, òun àti ọmọ kan ṣoṣo, Lelia. Nǹkan bíi dọ́là kan àbọ̀ lójúmọ́ ni owó aṣọ fífọ̀. Irun rẹ̀ ń já. Ó wá di ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá Annie tajà.

Ní 1905, Sarah kó lọ sí Denver, ó sì gbé ọjà Annie dání lọ. Ní oṣù kìíní 1906, ó fẹ́ Charles Joseph Walker, ẹni tó mọ̀ nípa ìpolówó inú ìwé ìròyìn. Kò pẹ́ tí ìpara tuntun fi jáde: Madam Walker's Wonderful Hair Grower.

Ẹ tún orúkọ yẹn kà dáadáa.

Inú bí Annie. Ó kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà kí wọ́n ṣọ́ra fún ayédèrú, ó sì forúkọ tuntun, Poro, sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1906 yẹn kan náà. Madam Walker ní tirẹ̀ sọ pé ojú àlá lòun ti rí àdàlù òun: ọkùnrin dúdú gìrìwò kan ló ka àwọn èròjà náà fún òun, Áfíríkà ni díẹ̀ nínú wọn sì ti ń hù. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìpolówó àwọn tó ń ta àgbo nínú dáńfó, ẹ mọ irú àlá yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi. Imí-ọjọ́ àti fasilíìnì ló jẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà fún ìpara náà, kò sì sí èyí tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kọ́kọ́ lò fún awọ orí. Kò sẹ́ni tó ni ín. Ohun tí Walker gbà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ju ìpara lọ: ọgbọ́n pé kí o kọ́ obìnrin níṣẹ́, kí o sì jẹ́ kó máa tajà fún ọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tara rẹ̀. Ìyẹn gan-an lowó wà.

Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù bó ṣe bá a lọ. Ó gbé fọ́tò ara rẹ̀ sínú ìpolówó, irun kí ó tó lo ìpara àti lẹ́yìn tó lò ó tán, ohun tí gbogbo yín ń ṣe lórí Instagram báyìí. Ní ti "Madam", nígbà tí òyìnbó ń pe ìyá àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú lórúkọ gán-ún bí ẹni ń pe ọmọdé, obìnrin yìí kọ ọ̀wọ̀ ara rẹ̀ sára agolo. Bí ó ṣe ń rìn káàkiri Gúúsù, Lelia wà ní Denver, ó ń fi ọjà ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní 1908, wọ́n dá Lelia College sílẹ̀ ní Pittsburgh. Dọ́là 25 ni owó ẹ̀kọ́, a sì lè fi lẹ́tà kọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Ní 1910, ó kó ilé iṣẹ́ lọ sí Indianapolis, níbi tí ojú irin ti pàdé.

Ní 1912, ó lọ síbi ìpàdé àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú tí Booker T. Washington ń darí. Wọn ò fún un láyè ọ̀rọ̀. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó sì sọ bí òun ṣe kúrò nínú oko òwú dé ìdí ọpọ́n ìfọṣọ, títí tí òun fi dá òwò tòun sílẹ̀. Lọ́dún kejì, Washington fúnra rẹ̀ ló pè é wá sọ̀rọ̀. Ní 1917, àwọn obìnrin tó ń tajà rẹ̀ pé jọ ní Philadelphia, wọ́n ju 200 lọ. Ó fún àwọn tó tajà jù lẹ́bùn, ó fún àwọn tó ṣàánú jù náà. Kí wọ́n tó tú ká, wọ́n fi wáyà ránṣẹ́ sí Ààrẹ Wilson nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pa nípakúpa láìṣẹjọ́. Ẹ wò ó, àwọn onídìrí ló kọ̀wé sí Ààrẹ o.

Ó kú ní 1919, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Ibí yìí ni onídìrí mi ti dá ọwọ́ dúró. "Ọ̀gá rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní Annie ò kọ́kọ́ rẹ̀yìn. Ní 1918, ó ṣí Poro College ní St. Louis, ilé ńlá tó ní kíláàsì, gbọ̀ngàn àti ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ ní 1927, ọkọ rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó sì fẹ́ gba ìdajì òwò náà. Wọ́n fi dọ́là 200,000 parí ìjà. Owó orí tún wọlé tọ̀ ọ́, ìjọba ń bá a ṣẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí Poro fi bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ní 1951. Ó kú ní Chicago ní 1957, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́.

Àmọ́ ilé àwọn ọmọ òrukàn kan wà ní St. Louis tó fi dọ́là 10,000 ràn lọ́wọ́, tó sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1946, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Annie Malone ni wọ́n ṣì ń pè é.

Onídìrí mi ní, "Ṣé ẹ rí i, ọmọ òrukàn lòun náà." Ó sì tẹ orí mi ba, ó ń bá irun rẹ̀ lọ.