Ìbọn Ogún: Ẹ̀rí Irin àti Ẹ̀rí Ẹnu

Nígbà tí àgbàlagbà kan bá kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń tú ẹrù rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a kò gbọ́ rí pé kí wọ́n bá ìbọn ìléwọ́ kan nísàlẹ̀ àpótí, tí a fi àkísà olóròóró wé. Orúkọ tí ó sábà máa ń wà lára rẹ̀ ni Webley. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ìtàn yóò bẹ̀rẹ̀: pé bàbá àgbà ni ó gbé e lọ sí ogun àwọn Boer, pé òun ni ó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là. Ìbéèrè méjì ni ó máa ń tẹ̀ lé ìtàn náà. Èkínní ni pé irú ìbọn wo gan-an ni èyí? Èkejì, tí ojú máa ń tì wá láti kọ́kọ́ bèèrè, ni pé èló ni ó tó? Ní èrò tèmi, ẹni tí kò bá dáhùn ti ìṣáájú kò lè dáhùn ti ìkẹyìn.

Ìlú Birmingham ni ilé iṣẹ́ Webley wà. Ní ọdún 1887 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn wọn fún àwọn ọmọ ogun, tí wọ́n sì pè é ní Mark I. Wọ́n tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1894, 1897, 1899, 1913 àti 1915, títí ó fi di Mark VI. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ kò yí padà ní gbogbo àkókò yìí. Ọta mẹ́fà ni ó ń gbé nínú àgbá kékeré kan tí ń yí. Bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀, ìbọn náà yóò tẹ̀ ní agbedeméjì bí ẹni tí ó foríbalẹ̀, yóò sì ti òfìfo kátíríìjì jáde fúnra rẹ̀. Ọta tí ó ń jẹ tóbi: .455 ínǹṣì ni wọ́n ń pè é.

Ojú ni a kọ́kọ́ fi ń dá a mọ̀. Ìdí àwọn ti àkọ́kọ́, láti Mark I dé Mark V, tẹ̀ bí àgógó ẹyẹ níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú; ti Mark VI ṣe igun gedegbe, ọ̀pá rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 6, ó sì wúwo ju kílógíráàmù 1 lọ. Lẹ́yìn ojú ni lẹ́tà kíkà. Lára ti Mark VI, a máa ń rí orúkọ Webley, irú tí ìbọn náà jẹ́, àti ọdún tí wọ́n ṣe é. A ó tún wá àmì ọfà, nítorí òun ni àmì ohun ìní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá rí ọfà méjì tí wọ́n forí kan ara wọn, a jẹ́ pé ìjọba ti tà á jáde kúrò lọ́wọ́ ológun. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí ọfà rárá, kí a má ṣe yára pè é ní ayédèrú. Láyé ìgbà náà, ọ̀gá ológun ni ó ń fi owó ara rẹ̀ ra ìbọn ìléwọ́ rẹ̀, kìkì pé kí ó lè jẹ irú ọta tí ìjọba ń pín. Ọ̀pọ̀ wọn rà á ní ilé ìtajà Army and Navy ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ń kọ orúkọ tirẹ̀ sára ọjà. Àwọn mìíràn fín orúkọ ara wọn sí i, irú èyí sì dára púpọ̀, nítorí a lè wá orúkọ náà lọ sínú àkójọ ìwé àwọn ológun ní Kew.

Níbí ni ẹ̀rí irin ti máa ń takò ẹ̀rí ẹnu. Ogun àwọn Boer parí ní ọdún 1902. Bí ìbọn tí ó wà níwájú wa bá jẹ́ Mark VI tí ọdún 1917 wà lára rẹ̀, kò sí bí ó ti lè dé ogun náà. Ṣé ẹbí purọ́ ni? Rárá o. Ó lè jẹ́ pé bàbá àgbà méjì ni wọ́n pa pọ̀ di ọ̀kan, tàbí pé ìbọn ti àkọ́kọ́ ti sọnù, tí ìtàn rẹ̀ sì bọ́ sórí èyí tí ó kù. Àwa tí a ń gba ìtàn lẹ́nu àwọn arúgbó mọ irú èyí dáradára. Kí a kọ ìtàn náà sílẹ̀ bí a ti gbọ́ ọ, kí a sì kọ ohun tí irin wí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nígbà ogun 1914 sí 1918, Birmingham nìkan kò lè tẹ́ àwọn ọmọ ogun lọ́rùn. Ìjọba ra ti Colt àti Smith & Wesson láti Amẹ́ríkà, ó sì ra òmíràn láti ìlú Eibar ní ilẹ̀ Sípéènì, tí ó jọ Webley tó bẹ́ẹ̀ tí ojú tí kò kọ́ṣẹ́ kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n pinnu pé ọta náà wúwo jù, wọ́n sì gba Enfield tí ń jẹ ọta .38 ní ọdún 1932. Ìbọn yìí jọ iṣẹ́ Webley débi pé ilé iṣẹ́ náà bèèrè £2,250 lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n kọ̀ fún un; nígbà tí ó yá ni ó tó rí £1,250 gbà.

Ní ti iye owó, ohun tí ó ń bà á jẹ́ jùlọ ni ìmọ́tótó àwọn ọmọlójú. Ẹni tí ó fi bébà yíyún họ ara ìbọn títí ó fi ń dán ti họ owó dànù, nítorí àwọ̀ dúdú àtilẹ̀wá àti lẹ́tà ara rẹ̀ ni olùrà ń wá. Nọ́ńbà ara àgbá yíyí náà gbọ́dọ̀ bá ti ara ìbọn mu. Mark VI kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n fúnra rẹ̀. Nǹkan bí 300,000 ni wọ́n ṣe. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gé ẹ̀yìn àgbá ọ̀pọ̀ nínú wọn kí ó lè jẹ ọta .45 ti ilẹ̀ wọn. Èyí dín iye rẹ̀ kù, ó sì léwu, nítorí agbára ọta náà lè ju ohun tí irin àtijọ́ yìí lè gbà lọ. Bàyónẹ́ẹ̀tì kan wà tí Pritchard ṣe fún Mark VI. Ojúlówó rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an, ayédèrú rẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n. Àpò awọ rẹ̀, lẹ́tà tí bàbá kọ láti ojú ogun, àti àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ ológun lè sọ ìbọn lásán di ẹ̀rí ìtàn, kí iye rẹ̀ sì ga.

Àwọn kan nílé wa náà ń sọ pé bàbá àwọn mú irú ìbọn yìí bọ̀ láti Burma. Kí a rọra bèèrè. Ìbọn gígùn ni èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ ogun wa gbé níbẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ jẹ́ ti ọ̀gá, ìjọba sì ń gba ohun ìjà padà kí ó tó tú ọmọ ogun sílẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí a kà léèwọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní láìgba àṣẹ láti òkè pátápátá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, láti ọdún 1997, àyè díẹ̀ ni òfin fi sílẹ̀ fún àwọn ti àtijọ́. Nítorí náà kí ẹni tí ó bá bá ọ̀kan nínú ogún má ṣe gbé e rìn, kí ó ké sí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ó bá dé ọwọ́ ọlọ́pàá lè di èyí tí wọ́n yọ́ dànù. Kí ó tó kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí a ya àwòrán rẹ̀ tọ̀tún tòsì, kí a kọ nọ́ńbà, ọdún àti gbogbo àmì rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì bèèrè lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bóyá wọn yóò gbà á.