Iṣẹ́ Olórí Ọjà Oúnjẹ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Olórí ọjà oúnjẹ ni ẹni tó ń bójú tó ètò àti àlàáfíà níbi tí àgbẹ̀ àti alájàpá ti ń ta irè oko. Ìyálọ́jà tàbí Bàbálọ́jà ni wọ́n ń pè é. Àwọn alága ẹgbẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀: ti aláta, ti onígàrí, ti elélùbọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́

Olórí ọjà ló ń pín ìsọ̀, tó sì ń parí ìjà. Bí oníbàárà bá fẹ̀sùn kàn pé wọ́n lu ìdí kóńgò wọnú kí gàrí má baà gba ibẹ̀ tó, alága onígàrí ni yóò kọ́kọ́ yẹ kóńgò náà wò. Wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé ẹni tó ni ín. Ẹjọ́ tí kò bá tán níbẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà. Ní ọjà ojoojúmọ́ bíi Bódìjà ní Ìbàdàn, ìsinmi kò wọ́pọ̀ fún un.

Owó àti ààbò

Oyè ni iṣẹ́ yìí, kì í ṣe iṣẹ́ olówó oṣù. Ọjà tí olórí náà ń tà ló sábà máa ń fi jẹun. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọjà sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà àárín agbowó-orí àti ọlọ́jà ni olórí ọjà dúró sí. Ewu iṣẹ́ yìí kò kéré: ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá, Ìbàdàn, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì ti ọjà náà pa.

Ìtàn àti àríyànjiyàn

Ti Alimotu Pẹlẹwúrà, ẹlẹ́ja tó jẹ́ olórí ọjà Erékò ní Èkó, ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba amúnisìn fẹ́ fi òfin de iye owó oúnjẹ. Àwọn òpìtàn kọ ọ́ pé ìjọba náà fi £100 lóṣù lọ Pẹlẹwúrà kó lè ti òfin náà lẹ́yìn, ó sì kọ̀ ọ́.  Ohun tó jẹ́ kó lè kọ̀ ni pé àwọn ọlọ́jà ló gbé e ró, kì í ṣe ìjọba. Ó kú ní ọdún 1951.

Abibatu Mogaji, tó kú ní ọdún 2013, ni Ìyálọ́jà-gbogbogbò, ìyẹn olórí àwọn Ìyálọ́jà, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Bí àṣẹ ipò yìí ṣe gbòòrò tó ṣì ń fa àríyànjiyàn. Àwọn kan gbà pé ó kan gbogbo Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2025, Ọba Ewuare Kejì ti ìlú Benin sọ pé kò sí irú rẹ̀ nínú àṣà wọn, pé Iyeki ni olórí ọjà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀.