Ohun Ìrànwọ́ Ìrìn fún Òbí Àgbà ní Ìgbèríko Ìbàdàn

Ohun ìrànwọ́ ìrìn ni gbogbo ohun tí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́ ń fi ara tì tàbí tí ó ń dì mú, kí ó lè dìde, kí ó rìn, kí ó sì dé ibi tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ láì ṣubú: láti orí ọ̀pá tí a gé nínú igbó, títí dé ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, férémù irin tí a ń pè ní wọ́kà, àti àga oníkẹ̀kẹ́. Ní àwọn abà àti ìletò tí ó yí Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé ká, láti Mọ́níyà àti Ìjàyè ní Akínyẹlé, dé Lálúpọn ní Lágelú, Ẹ̀rúnmu ní Ẹgbẹ́dá àti Akánrán ní Ọ̀nà-Àrà, ọrùn ọmọ ni wíwá ohun ìrànwọ́ yìí ń já lé, nítorí bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Síbẹ̀, a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Àgbà kì í kọ ọ̀pá, nítorí nínú àdúrà wa gan-an ni a ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí a dàgbà kí a fi ọ̀pá tilẹ̀. Àga oníkẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ̀, torí lójú wọn ó dà bí ẹni pé a ti dá wọn lẹ́jọ́ pé ìrìn ti parí. Nítorí náà, kí ọmọ tó ná kọ́bọ̀, kí ó tẹ̀lé òbí rẹ̀ rìn ní ọjọ́ kan gbáko, láti orí ibùsùn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ṣálángá ẹ̀yìn ilé, dé ìdí igi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó sí, dé mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ó wo ibi tí ó ti ń di ògiri mú àti ibi tí ó ti ń dúró mí, kí ó sì bi í léèrè èwo nínú àwọn ìrìn wọ̀nyí ni kò fẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ òun.

Nípa ọ̀pá, gíga rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì. Kí òbí dúró ṣánṣán nínú bàtà tí ó ń wọ̀ lójoojúmọ́, kí ó sọ apá sílẹ̀. Ibi ìlà ọrùn ọwọ́ ni kí orí ọ̀pá dé, kí ìgbọ̀nwọ́ lè tẹ̀ díẹ̀ bí ó bá dì í mú. Bí orúnkún ọ̀tún ni làkúrègbé bá mú, ọwọ́ òsì ni yóò fi di ọ̀pá, kí ọ̀pá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún sì jọ máa lọ síwájú. Ẹni tí ó bá ṣe òdìkejì ń fi ìrora kún ìrora. Rọ́bà ìdí ọ̀pá ṣe pàtàkì ju ọnà tí a gbẹ́ sí orí rẹ̀ lọ, nítorí bí ó bá ti jẹ tán, ilẹ̀ símẹ́ńtì tí ó tutù yóò yọ̀ ọ́ dànù.

Wọ́kà fẹ́ ọwọ́ méjèèjì àti ilẹ̀ líle. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá mú apá kan lára rẹ̀ kò lè gbé e. Ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ní ọwọ́ tí ó le ni ó yẹ ẹ́. Lẹ́yìn òjò, ẹsẹ̀ wọ́kà a máa rì sínú amọ̀, bàbá àgbẹ̀ tí ó ṣì fẹ́ wo ìdí kòkó rẹ̀ kò sì lè gbé e wọ inú oko.

Ó ń dùn mí láti rí àga oníkẹ̀kẹ́ tí ọmọ fi owó gọbọi ránṣẹ́, tí ó dúró sí kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí ìyá tí a rà á fún ṣì ń rákò lọ sí ẹ̀yìn ilé. Àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké iwájú rẹ̀ kò lè la yanrìn kọjá, ẹnu ọ̀nà tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 80 ní ìbú sì ń há mọ́ ọn. Àtẹ̀gùn ń fẹ́ ìdagẹ̀rẹ́, tí gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po 12 gíga àtẹ̀gùn náà: èyí tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 ń fẹ́ mítà 1.8, iṣẹ́ tí bíríkìlà abúlé lè ṣe. Ẹni tí ó bá ń jókòó pẹ́ sínú àga náà gbọ́dọ̀ ní tìmùtìmù, kí a sì máa gbé ìdí rẹ̀ sókè lóòrèkóòrè, kí egbò má baà dá sí i lára.

Ṣálángá ni ìdánwò tí ó le jù, nítorí orúnkún àgbà kò fẹ́ ìlóṣòó. Àga tí káfíńtà bá lu ihò sí àárín rẹ̀, tí a gbé ka ojú ihò ṣálángá ní ọ̀nà tí kò fi ní mì, pẹ̀lú irin tàbí igi líle tí a rì mọ́lẹ̀ fún ìdìmú, a máa gbà wọ́n ju ohun tí ó wọ́n lówó lọ. Àpótí kékeré nínú balùwẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, àti ibùsùn tí ó ga tó kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lè tẹ ilẹ̀ bí ó bá jókòó sí etí rẹ̀, gbogbo wọn ni ohun ìrànwọ́ ìrìn.

Òfin àwọn abirùn tí ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti di èyí tí abirùn lè wọ̀. Ilé bàbá ẹni kò sí lábẹ́ rẹ̀. Fún ìmọ̀ràn, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tí ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1957, ní ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà tí a ṣí ní ọdún 2012, tí a fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Kí ẹni tí ó bá mú òbí lọ síbẹ̀ mú ọ̀pá tí ó ń lò dání, kí ó sì kọ ìbú ẹnu ọ̀nà àti gíga àtẹ̀gùn sínú ìwé, nítorí ilẹ̀ ilé ìwòsàn tẹ́jú, ti abà kò sì rí bẹ́ẹ̀.