USBasp: Ọ̀bẹ tí ọ̀bẹ mìíràn ń gbẹ́ èkù fún

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun èlò oníná, bí ẹ̀rọ ìfọṣọ àti rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ni kọ̀ǹpútà bíńtín kan wà tí wọ́n ń pè ní microcontroller. Ẹyọ ṣíìpù kan péré ni. Kò mọ ohunkóhun àfi bí a bá kọ iṣẹ́ tí yóò máa ṣe sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń kọ ọ́ ni programmer.

Láyé ọjọ́un, ihò tí a ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí ṣe ìgbafẹ́ ń lò. Nígbà tí USB gbapò ihò náà, ọ̀nà fẹ́ dí mọ́ ẹni tí kò lówó láti ra programmer ilé-iṣẹ́.

Ní 2005, Thomas Fischl ní Jámánì ṣe USBasp fún àwọn ṣíìpù AVR ti ilé-iṣẹ́ Atmel, èyí tí Microchip rà ní 2016. Ṣíìpù ATmega8 kan, krístálì 12 MHz àti ìwọ̀nba èròjà mìíràn ló kó o já. Kò ní ṣíìpù USB lọ́tọ̀: V-USB, ètò tí Objective Development ti ilẹ̀ Austria kọ, ni ATmega8 náà fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ó lè kọ tó kilobyte 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ètò AVRDUDE ni a sì lè fi pàṣẹ fún un.

Ìwé àṣẹ GNU GPL ni Fischl fi gbé e síta. Ẹnikẹ́ni lè kàn án, kí ó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá pín ètò tó tún ṣe fún ẹlòmíràn, kò gbọdọ̀ fi bó ṣe kọ ọ́ pamọ́.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. ATmega8 inú USBasp tuntun ṣófo bíi ṣíìpù yòókù. Programmer mìíràn ni a ó kọ́kọ́ fi kọ ọ́, lẹ́yìn tí a bá ti fi jumper tó wà fún iṣẹ́ náà sí ipò. Jumper mìíràn ń dín ìyára kù fún ṣíìpù tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ kò yá. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò bí ṣíìpù tuntun kò bá dáhùn.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kan ẹyọ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò yá a ní tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò, àwọn yòókù kò ní ṣòroó bí.